Ẹ má ra pọ́ǹpù míì, ẹnu ibi tó ti ń fa omi ni kí ẹ fẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ ní àwọn ọmọ ẹja yín ń lẹ̀ mọ́ ẹnu pọ́ǹpù títí wọ́n fi ń kú, pé ẹni tó tà á fún yín ní kí ẹ wá ra èyí tí agbára rẹ̀ kéré, ẹ sì ń béèrè irú àwọ̀n tí ẹ lè fi bo ẹnu rẹ̀. Ẹ tọ́jú owó yín. Ọlọ́jà wo ló máa sọ pé èyí tí ẹ ti rà náà tó?

Agbára pọ́ǹpù kọ́ ló ń pa wọ́n. Eré tí omi ń sá wọ ibi tó há ni. Ká sọ pé pọ́ǹpù yín ń fa 10,000 lítà ní wákàtí kan. Bó bá ń gba ẹnu páìpù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, omi yóò máa sáré wọlé ju mítà kan lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọ ẹja wo ló fẹ́ bá ìyẹn fà á? Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé pọ́ǹpù yẹn sínú apẹ̀rẹ̀ oníke oníhò tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, tí nǹkan bí ìdajì ara rẹ̀ sì jẹ́ ihò, eré omi lára apẹ̀rẹ̀ ò ní ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Pọ́ǹpù kan náà, omi kan náà. Ẹja á kàn máa rìn kọjá lára rẹ̀. Bí ẹ ó ṣe dè é mọ́ra, ẹ mọ̀ ọ́n, kò le.

Ẹ sáà máa nù ún. Bí ewé bá dí ìdajì apẹ̀rẹ̀ náà, ìdajì tó kù ni gbogbo omi á máa gbà, eré rẹ̀ á sì di ìlọ́po méjì.

Èmi ò tilẹ̀ bẹ̀rù ẹnu pọ́ǹpù tó ihò ìdí pọ́ǹdù, ibi tí ìdọ̀tí ń gba páìpù lọ sínú fíltà, ìyẹn àpótí tó ń sẹ́ omi. Ẹ ò béèrè ìyẹn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Ẹ̀ńjíníà tó kọ́ tèmi, tí ìwé ẹ̀rí kún ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, fi dá mi lójú pé ẹja ò lè wọ ibẹ̀, pé bí omi ṣe ń fà níbẹ̀ ń lé wọn sá. Bí omi bá ń fà ni o! Bí iná bá lọ ńkọ́? Kò sọ ìyẹn.

Iná lọ lóru ọjọ́ kan. Pọ́ǹpù dákẹ́, omi inú páìpù dúró jẹ́ẹ́. Ẹja tí nǹkan bá dẹ́rù bà, inú òkùnkùn ló ń sá lọ, páìpù tí fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 gba ẹja tó ti dàgbà dáadáa. Èyí tó tóbi jù nínú tèmi ló wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ há, kò lè yí padà, ló bá ń tẹ̀ síwájú títí ó fi dé ibi tí páìpù ti tẹ̀, ó sì há pátápátá. Ìgbà yẹn ni iná wá dé.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé omi inú àpótí fíltà ń lọ sílẹ̀, ti pọ́ǹdù sì wà níbi tó wà. Ẹ rántí àmì yìí: nǹkan ti dí páìpù láàárín nìyẹn. Pọ́ǹpù, tó ń fa omi láti inú àpótí yẹn, bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó ń fa afẹ́fẹ́. Mo pa á, mo fi ọwọ́ kan páìpù níbi tó ti yọ jáde nílẹ̀, mo sì ń gbọ́ bí ẹja náà ṣe ń gbá a láti inú, gbọ̀ọ̀, gbọ̀ọ̀, á sinmi, á tún gbá a. Mo pe ẹ̀ńjíníà. Ó ní bóyá ewé ni. Ewé tó ń kanlẹ̀kùn? Nígbà tí mo taku, ó ní kí n wá irin gbọọrọ, kí n gún un láti ẹ̀gbẹ́ fíltà. Gún un kẹ̀! Ẹja tó wà láàyè!

Bí irú rẹ̀ bá bá yín, ẹ má gún un, ẹ má sì fa ìrù rẹ̀. Bí ẹ bá fà á, apá rẹ̀ àti ìdérí ibi tó fi ń mí á ṣí, á kọ́ ara páìpù, á ya. Ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ ti fáàfù, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń ṣí omi tàbí tì í, tó wà láàárín páìpù àti àpótí fíltà, ẹ pọn omi pọ́ǹdù sínú àpótí náà títí yóò fi ga ju ti pọ́ǹdù lọ dáadáa. Kí ẹ wá ṣí fáàfù díẹ̀díẹ̀. Omi á padà sẹ́yìn, á sì rọra máa tì í lọ síbi tó gbà wọlé. Mo ṣe é, mo tún un ṣe, ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Tèmi jáde láàyè, ṣùgbọ́n ìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti bó tán, apá rẹ̀ ti jẹ kan egungun. Nígbà tó yá, nǹkan funfun bí òwú hù bo ibi tó bó. Kò yè é.

Ìdérí tó rí roboto ni wọ́n ń fi sórí ihò ìdí pọ́ǹdù yẹn. Ẹ jẹ́ kí àlàfo abẹ́ rẹ̀ kéré ju orí ẹja yín tó kéré jù lọ, ẹ sì fi ìdè tí kì í dípẹtà kàn án mọ́lẹ̀, torí ẹja ńlá lè fi imú ṣí èyí tí ẹ kàn gbé lé e. Inú pọ́ǹdù ló gbọ́dọ̀ wà. Ẹ̀ńjíníà mi fẹ́ wá fi irin dí ẹnu páìpù níbi fíltà, bí ẹni pé kí ẹja kàn máa há sáàárín ni.

Bí iná bá pẹ́ kó tó dé, ẹ má kàn tan pọ́ǹpù. Omi tó ti dúró nínú fíltà á ti rùn, ẹ dà á nù kó má baà wọ pọ́ǹdù. Kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ omi rárá, ẹ yọ wáyà pọ́ǹpù kúrò lára iná. Pípa suwíìṣì nìkan ò tó. Ibi tí omi ń gbà ṣàn jáde lọ́jọ́ òjò náà ń fẹ́ àwọ̀n. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá wo tèmi wọn gígùn, ó wọn jíjìn, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kò fojú kan ibẹ̀. Ẹja mélòó ni mo ṣà nínú koríko lẹ́yìn òjò!

Ẹ jọ̀ọ́, àwọ̀n lẹ béèrè. Fún ọmọ ẹja tó ti gùn tó ìka, ihò mílímítà 5 dára. Bó bá jẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, fóòmù tí ihò rẹ̀ kò há jù ni kí ẹ fi wé apẹ̀rẹ̀ náà, omi pọ́ǹdù sì ni kí ẹ máa fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tó ní kulorín, oògùn apakòkòrò inú omi. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn á tètè dí. Ẹ má lo wáyà tí wọ́n fi síǹkì bò, síǹkì náà ń yọ́ sínú omi, ó sì ń ṣe ẹja ní jàǹbá. Ẹnu ibi tí wọ́n ti gé e náà á máa ha wọ́n lára.

Ẹ bá mi ṣí ìdérí àpótí fíltà yín lónìí, kí ẹ ka iye ẹja tó wà nínú pọ́ǹdù. Bí iye yẹn bá dín, inú fíltà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó sọ pé ẹyẹ ló gbé e.