Ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ kọ̀wé sí káńsù kí lánlọ́ọ̀dù má baà lé wọn lásìkò àrùn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè pé ṣé káńsù lè pàṣẹ fún àwọn lánlọ́ọ̀dù kí wọ́n má lé ayálégbé, nígbà tó jẹ́ pé wolé-wolé káńsù náà ló wá ti ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ yín nítorí onígbáméjì, mo ka ọ̀rọ̀ yín, inú mi ru. Mo ti wà níbi tẹ́ ẹ wà yẹn rí.

Kí n tètè sọ èyí: káńsù ò lágbára láti ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ lánlọ́ọ̀dù àti ayálégbé. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń ṣe é. Èyí tá à ń lò l'Ékòó ni òfin ayálégbé ọdún 2011, tí Fáṣọlá fọwọ́ sí nígbà tó jẹ́ gómìnà. Ẹ kọ̀wé náà o, ṣùgbọ́n ohun tó wà níkàáwọ́ káńsù ni kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ káńsù. Ìwé tó bá kàn ń sọ pé "ẹ gbà wá o", inú dúrọ́ọ̀ ló máa sùn. Ibẹ̀ ni tiwa sùn.

Ọdún 2020 ni tèmi, nígbà àrùn kòrónà. Oúnjẹ àríyá ni mo ń sè. Kí ìjọba àpapọ̀ tó kéde kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta, ìpínlẹ̀ ti fòfin de ìpéjọ ná. Àwọn oníbàárà mi ti ń pè mí lọ́kọ̀ọ̀kan pé ìnáwó ò ṣeé ṣe mọ́, kí n dá àsansílẹ̀ àwọn padà. Owó tí mo ti fi ra ìrẹsì àti òróró! Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, wọ́n tún fi kún un, ó di ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí wọ́n sì dẹ̀ ẹ́, ṣé àríyá padà ni? Ọ̀nà ló ṣí, ìkòkò mi ṣì dojú délẹ̀.

Lánlọ́ọ̀dù mi ò fún mi ní nótíìsì kankan. Láti ojú fèrèsé òkè ló ti fẹnu sọ ọ́ pé tí oṣù bá ti parí, kí n wábi gbà. Mo ní bàbá, ọlọ́pàá wà lójú títì, ibo ni mo fẹ́ kẹ́rù gbà? Wọ́n ní ìyẹn ò kan àwọn. Nígbà tí mi ò kó, iná ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà gun àga, wọ́n já wáyà tó wọ yàrá mi. Ẹran àti ẹja tó kù nínú fírísà, tí mo rò pé màá máa sè tà fún àwọn ará ilé ní abọ́ kọ̀ọ̀kan, jẹrà tán. Wọ́n tún fi kọ́kọ́rọ́ ti ibi tá a ti ń pọnmi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: lásìkò tí rédíò ń pariwo ẹ fọwọ́, ẹ fọwọ́, ẹnì kan ti omi mọ́ mi! Ọmọ mi obìnrin ló ń gbé garawa lọ sílé kejì ní kùtùkùtù. Lẹ́yìn náà ló kan ilé ìyàgbẹ́. Mi ò ní sọ bá a ṣe ń ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gbé ilé oníyàrá ìdojúkọra rí, ẹ mọ̀.

Ìgbà tó yá, wọ́n mú káfíńtà wá. Káfíńtà fi ìbòmú bo imú, ó ń tú ìdè ilẹ̀kùn mi, ó sì ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú, iṣẹ́ ni. Ó tú u tán, ó gbé e sẹ́yìnkùlé. Àǹkárá ni mo ta sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mò ń sùn, ọmọ odó wà lọ́wọ́ mi, ọmọ mi wà lẹ́yìn mi.

Mo lọ sí tésàn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilé kì í ṣe tàwọn, kí n gba kóòtù lọ. Kóòtù wo? Adájọ́ àgbà Nàìjíríà ti ní kí àwọn kóòtù dáwọ́ ìjókòó dúró láti ọjọ́ 24 oṣù kẹta, àfi ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ kánjúkánjú. Mo lọ sí káńsù. Akọ̀wé kan ń jẹ ẹ̀pà, ó ní kí n kọ ìwé wá, kí alága CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, sì fọwọ́ sí i. Ta ni alága CDA wa? Lánlọ́ọ̀dù ni, ọ̀rẹ́ lánlọ́ọ̀dù mi sì ni. Lọ́yà kan wà lórí rédíò láràárọ̀ tó ń fèdè dídùn sọ fún wa pé ẹ̀tọ́ wa ò lè gbé. Kò sọ ẹni tó máa bá wa gbà á.

Ohun tí wọn ò sọ fún mi nígbà yẹn rèé, òun gan-an ni kẹ́ ẹ dì mú. Tí kóòtù bá tì, lánlọ́ọ̀dù ò di kóòtù. Ó túmọ̀ sí pé kò tíì sí ọ̀nà tó bófin mu tí wọ́n lè gbà lé yín ni. Bí ẹ ò bá ti fọwọ́ sí nǹkan mìíràn nínú àdéhùn yín, nótíìsì oṣù 1 ni ti ẹni tó ń sanwó lóṣooṣù, oṣù 6 ni ti ẹni tó ń san án lọ́dọọdún. Lẹ́yìn èyí ni ìwé ọlọ́jọ́ 7 pé onílé fẹ́ gba ilé rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni kóòtù. Ẹni tó bá fipá lé ayálégbé láìsí àṣẹ kóòtù, tó wó ibì kan lára ilé tàbí tó yí i padà kí ayálégbé lè kó jáde, tàbí tó ń halẹ̀ mọ́ ọn, abala 44 òfin yẹn sọ pé ó ti dẹ́ṣẹ̀: ìtanràn tó lè tó ₦250,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù 6. Nítorí náà, tí ọlọ́pàá bá ní ọ̀rọ̀ àárín ẹni méjì ni, ẹ ní ó ti di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ tẹ abala yẹn sórí bébà. Ọmọ kan tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin nílé kejì ló bá mi wá a jáde. Nígbà tí mo gbé e padà lọ sí tésàn, ojú tí wọ́n fi wò mí yàtọ̀. Ọ̀kan nínú wọn tẹ̀ lé mi wálé, ilẹ̀kùn sì padà sáyè ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ kíyè sí i, tó bá jẹ́ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá tàbí GRA Ìkẹjà lẹ wà, òfin 2011 yẹn yọ àwọn àdúgbò wọ̀nyẹn sílẹ̀. Ẹ lọ bá lọ́yà.

Ẹ má sì jẹ́ kí gbèsè ilé oṣooṣù wọ oṣù 6 o. Tó bá ti débẹ̀, kóòtù á gba ilé fún onílé kíákíá. Bó jẹ́ díẹ̀ lẹ rí, ẹ fi ránṣẹ́ láti báńkì, kẹ́ ẹ sì kọ "owó ilé" sí i. Kí wọ́n fún yín ní rìsíìtì, dandan ni lábẹ́ òfin kan náà.

Àbúrò mi tó ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù sọ fún mi nígbà náà pé ní ìlú àwọn, wọ́n ti ní kí kóòtù má gbọ́ ẹjọ́ ìgbalé láti ọjọ́ 27 oṣù kẹta, kò sì bẹ̀rẹ̀ padà títí di ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án. Ilé aṣojú-ṣòfin tiwa náà sáré fọwọ́ sí àbá òfin kan lọ́jọ́ 24 oṣù kẹta. Ìdẹ̀ra owó orí wà nínú rẹ̀ fún àwọn iléeṣẹ́, ìdẹ̀ra wà fún àwọn tó yáwó kọ́lé lọ́dọ̀ National Housing Fund. Ayálégbé dà? A ò sí níbẹ̀.

Ó dáa, ìwé yín. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá abẹ́ káńsù àtijọ́ lẹ wà tàbí abẹ́ LCDA, ìyẹn àwọn káńsù tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ lẹ́yìn, kí wọ́n má baà máa gbé yín kiri. Ọ̀rọ̀ pàǹtírí, omi ẹ̀gbin àti ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbò wà lára iṣẹ́ tí ìwé òfin Nàìjíríà gbé lé káńsù lọ́wọ́, ìyẹn lẹ sì máa fi mú wọn. Omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti bà jẹ́ ló ń kó onígbáméjì ranni. Tó bá jẹ́ pé ṣáláńgá onílé sún mọ́ kànga, tàbí pé kòtò ẹ̀gbin ti kún tí kò gbọ́n ọn, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ mọ́ ìwé. Kí wolé-wolé fún onílé náà ní ìwé ìkìlọ̀, kó má jẹ́ pé oníṣọ́ọ̀bù nìkan ló ń jìyà. Ẹ ní kí alága pe àwọn onílé, CDA àti ayálégbé jọ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sẹ́ni tó máa léèyàn títí ṣọ́ọ̀bù á fi ṣí. Kí káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín gbé e kalẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ káńsù, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀ ní Alausa. Ẹ̀dà kan fún aṣòfin ìpínlẹ̀ yín, ẹ̀dà kan fún DPO, ọ̀gá tésàn àdúgbò yín. Kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tó máa kù sọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ẹ wá lánlọ́ọ̀dù kan tó láàánú kó bá yín fọwọ́ sí i. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó ogún ayálégbé lójú àwọn ará káńsù. Ó ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ní ti owó tẹ́ ẹ jẹ, Citizens' Mediation Centre ti ìpínlẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Wọ́n á pe lánlọ́ọ̀dù, ẹ ó jọ fẹnu kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa san án díẹ̀díẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ní kẹ́ ẹ ra fọ́ọ̀mù, ẹ má dá a lóhùn.

Ẹ ò sọ bóyá oṣooṣù lẹ ń sanwó ilé tàbí ọdọọdún, ẹ ò sì sọ bóyá onílé yín náà ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ẹ sọ ọ́ síbí, torí ibẹ̀ la ti máa mọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ ní.