Ọ̀nà kẹ̀kẹ́: ẹ tètè sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó da gọ́tà

Ẹ kú iṣẹ́ àdúgbò o. Ẹ ní wọ́n fẹ́ tún títì yín ṣe l'Ékòó, ẹ sì ń bèèrè bí ẹ ṣe máa mú kí wọ́n yọ ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ológeere sí i. Èmi náà ti bá wọn fà á ládùúgbò tiwa, kẹ̀kẹ́ ni mo sì ń gùn lọ síbi iṣẹ́ dòní.

Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ń da ọ̀dà sójú títì. Gọ́tà ló ni gbogbo ọ̀rọ̀. Tí agbaṣẹ́ṣe bá ti da kọnkéré gọ́tà lọ́tùn-ún lósì, ó ti pín ilẹ̀ tán nìyẹn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ̀rọ̀, ìlà funfun ni wọ́n máa fà fún un. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti rí awọnlẹ̀ tó gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti gbéra.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni títì. Ti inú àdúgbò, káńsù ni. Ọ̀nà bí Ikorodu Road, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, lẹ́tà yín sí káńsù kò lè ṣe nǹkan kan síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ẹ tọ́ka sí ìlànà lórí ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ tí ìjọba Èkó àti LAMATA, àjọ tó ń bójú tó ètò ìrìnnà l'Ékòó, gbé jáde ní 2018. Wọn ò lè sọ pé àwọn ò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Ìṣirò ló kàn. Títì ọlọ́nà méjì sábà máa ń fẹ̀ tó mítà 7.3. Láàárín àdúgbò, mítà 3 tó ọkọ̀ tó ń lọ, ó tó èyí tó ń bọ̀. Mítà 1.3 ló kù, kò sì tó kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Etí títì, níbi tí àwọn onílé ń gbé mọ́tò sí, ni ìyókù ti máa wá. Ìjà ńlá wà níbẹ̀! Ẹ jẹ́ kó parí nípàdé CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, kẹ́ ẹ tó dọ́dọ̀ ìjọba, torí onílé kan péré tó bá kọ lẹ́tà lòdì sí yín, òun ni wọ́n máa gbọ́.

Wọ́n máa bi yín pé, "Ta ló ń gun kẹ̀kẹ́ l'Ékòó?" Ẹ ní kí wọ́n jí dúró sí oríta. Wọ́n á rí àwọn ọlọ́dẹ tó ń bọ̀ láti ẹnu iṣẹ́ òru, àwọn tó ń gbé búrẹ́dì, àwọn oní Fan Milk. Ní tiwa, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ iléèwé ló mú kí àwọn ìyá dìde sí i. Látìgbà tí wọ́n ti dá sí i, alága káńsù ò lè fojú pa á rẹ́ mọ́.

Ẹ má gba ìlà ọ̀dà lásán. Ẹ wo ọ̀nà BRT, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì ńlá, láti 2008: ibi tí kọnkéré ti pààlà, dáńfó ń rọra ṣe, ibi tó jẹ́ ọ̀dà, wọ́n ti sọ ọ́ di tiwọn.

Irin ojú gọ́tà ńkọ́? Kí ihò rẹ̀ dábùú ọ̀nà. Tó bá nà tẹ̀lé ọ̀nà, táyà iwájú máa wọnú ẹ̀, ẹ ó sì gba orí kẹ̀kẹ́ fò lọ síwájú. Ọrùn ọwọ́ mi òsì kò tíì gbàgbé.

Ní àbáwọlé ọ̀nà kẹ̀kẹ́, kí wọ́n ri òpó méjì, kí àárín wọn má ju mítà kan lọ, Márúwá ò ní lè kọjá. Ti ọ̀kadà, kò sí òpó tó lè dá a dúró. Ẹ lọ bá alága wọn ní ibùdó wọn kí wọ́n tó ṣí títì.