Màmá mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, orúkọ rẹ̀ ni kì í wá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó di oṣù mẹ́ta tí rọpárọsẹ̀ kọlu màmá wa ní Kétu níbí. Àkàrà ni wọ́n ń dín tà. Wọ́n ti ń rìn díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ, àmọ́ orúkọ nǹkan kì í wá sí wọn lẹ́nu mọ́. Wọ́n á nawọ́ sí ife, wọ́n á máa ní "èyí, èyí yìí". Wọ́n á pe ṣíbí ní ọ̀bẹ, inú á sì bí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká máa kọ́ wọn ní a, b, d bí ọmọ ilé ìwé. Dókítà ní ká wá orthophoniste, ìyẹn onímọ̀ tó ń tọ́jú ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ, Kútọnu sì jìnnà sí wa. Kí la lè ṣe nílé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ jẹ́ kí a, b, d sinmi ná. Ọ̀rọ̀ tí màmá mọ̀ kò parẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé ibẹ̀ ló bàjẹ́, torí pé rọpárọsẹ̀ ba apá ọpọlọ tó ń ṣètò èdè jẹ́, apá òsì sì ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Òun ni àwọn dókítà ń pè ní aphasie. Ẹ wo àṣìṣe wọn: ṣíbí ni wọ́n pè ní ọ̀bẹ, wọn ò pè é ní ewúrẹ́. Wọ́n ti dé ilé ìdáná, aládùúgbò ṣíbí ni wọ́n bá pàdé. Nítorí náà, ẹ má kàn fi orúkọ sí wọn lẹ́nu. Ẹ bá wọn gba ọ̀nà ìtumọ̀ lọ. Ẹni tó tún "ṣíbí" pè lẹ́yìn yín nígbà ogún lè má rí i mú jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ojú wò. Rọpárọsẹ̀ apá òsì ọpọlọ lè gba ìríran ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹ sì rò pé orúkọ ni wọn ò mọ̀. Ẹ wọ awò fún wọn bí wọ́n bá ń lò ó, kí ẹ sún nǹkan sí ọwọ́ òsì díẹ̀. Ẹ tún dán gbígbọ́ wọn wò: ẹ má nawọ́, ẹ má fojú júwe, ẹ kàn sọ pé "Ẹ fọwọ́ kan imú yín, lẹ́yìn náà kí ẹ fọwọ́ kan àga." Bí wọ́n bá ṣì í, a jẹ́ pé ọwọ́ yín ni wọ́n ń wò tẹ́lẹ̀, kí ẹ máa gé ọ̀rọ̀ yín kúrú.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ò bá ṣiṣẹ́ lé lórí kì í sábà bá àwọn yòókù yá, nítorí náà èyí tí wọ́n nílò ni kí ẹ mú: orúkọ ọmọ, ẹ̀wà, epo, àlùbọ́sà, dín, lọ̀, Àkàbà Ìdénà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ilé yín wà. Nǹkan gidi dára ju àwòrán lọ.

Ẹ gbé ṣíbí síwájú wọn, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ ka ení dé ẹ̀wá nínú ara yín. Ibí ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń kùnà, torí pé ọ̀rọ̀ sábà máa ń wà lọ́nà nígbà tí ẹlòmíràn bá já a gbà. Bí kò bá wá, ẹ béèrè: Irú nǹkan wo ni? Kí la fi ń ṣe? Ibo ló ń gbé? Báwo ló ṣe rí? Kí ló máa ń bá a rìn? Bí ìdáhùn bá ṣòro, ẹ fún wọn ní méjì kí wọ́n mú ọ̀kan: "Ilé ìdáná ni àbí yàrá?" Bí orúkọ bá tilẹ̀ já lu wọ́n láàárín, ẹ parí àwọn ìbéèrè náà, àwọn ló ń tún ọ̀nà ṣe. Tí kò bá tíì wá, ẹ dá gbólóhùn sílẹ̀: "Mo fẹ́ mu ògì, ẹ bá mi mú..."

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìró ìbẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ràn inú ìwé Faransé ni pé kí a sọ ìró àkọ́kọ́ nìkan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ wa ló fi fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀: "ọ̀" lásán lè jẹ́ ọ̀bẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ọ̀pẹ. Ẹ fi kọ́ńsónáǹtì tó tẹ̀ lé e kún un: "ọ̀b...", "àl...". Ti ṣíbí rọrùn, "ṣí..." ti tó. Ẹ tún lè kùn ún lóhùn láìla ẹnu, dò-dò-mí-dò fún àlùbọ́sà. Ìgbẹ̀yìn pátápátá ni kí ẹ pe orúkọ náà. Kí wọ́n tún un pè, kí ẹ padà béèrè lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, méjì, mẹ́rin. Bó bá sọnù, ẹ padà sí iye ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn tí wọ́n ti rántí rẹ̀. Ẹ kọ ìrànlọ́wọ́ tó mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jáde sínú ìwé lójoojúmọ́. Èyí tó bá dá wá fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kí ẹ máa dán an wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ tó, nígbà tí ara wọn bá silé, kí rédíò sì dákẹ́. Bí "ọ̀bẹ" bá há sí wọn lẹ́nu, tí wọ́n ń fi pe ohun gbogbo, ẹ má pariwo "rárá". Ẹ gbé nǹkan náà kúrò, ẹ sọ ọ̀rọ̀ mìíràn díẹ̀, kí ẹ wá mú ohun tí kò bá a tan, bí aṣọ. Lẹ́yìn àkókò ìdánrawò, ẹ yé dán wọn wò: bí wọ́n bá nawọ́ sí ife, ẹ gbé omi fún wọn. Orúkọ kọ́ ni owó omi.

Wọ́n lè ka Fátíhà tàbí kọ orin ìsìn dópin, kí ará ilé wá ní wọ́n ń ṣe agídí. Agídí kọ́. Ohun tí ẹnu ti mọ́ ní ìtẹ̀léra kì í gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a ń wá. Ẹ lè fi ṣe àtẹ̀gùn ṣá: bí ọjọ́ Ẹtì bá ṣòro, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Àìkú títí wọ́n á fi kàn án.

Èdè tí wọ́n fi ń tajà ni kí ẹ fi ṣe é. Bí Faransé bá kọ́kọ́ wá, ẹ gbà á. Oṣù àkọ́kọ́ ni nǹkan ń yára yí padà jù, àmọ́ àyípadà ṣì ń wáyé lẹ́yìn ọdún pàápàá.

Bí ọ̀rọ̀ wọn bá ṣàdédé burú sí i, tí ẹnu bá wọ́ tàbí tí apá bá kú, ẹ má dúró di ọ̀la, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣì lọ rí orthophoniste náà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ yín dání. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè ló wà níbẹ̀.