Èsì: Jet boat tó há sórí òkúta wẹ́wẹ́ ní odò Rakaia, ní New Zealand

Ẹ kú ewu. Ẹ ní ọkọ̀ yín há sórí òkúta wẹ́wẹ́, ẹ sì ń bèèrè ohun tẹ́ ẹ máa ṣe. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké tí ọkọ̀ ò mira, ẹ pa á kíá, ẹ má tẹ iná mọ́ ọn. Jet ni ẹ̀rọ tó ń tú omi sẹ́yìn láti fi ti ọkọ̀ síwájú; abẹ́ ọkọ̀ ló ti ń fa omi náà. Níbi tí omi ò sí, òkúta ló máa gbé mì, ìmpẹ́là, ìyẹn abẹ tó ń yí nínú rẹ̀, á sì bàjẹ́.

Kí gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀. Ẹ yọ òkúta tó há sí asẹ́ irin abẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ tì í padà síbi tẹ́ ẹ gbà wọlé, títí omi á fi dé orúnkún, kẹ́ ẹ tó ṣíná.

Ìyẹn bí omi ò bá le o. Bó bá ń ṣàn kíkankíkan, okùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi so ó mọ́ etí odò.

Àbí ẹ dẹwọ́ eré níbẹ̀ ni? Òun ló sábà ń fà á: bí ọkọ̀ bá ń sáré, ó ń léfòó, bó bá rọra, ìdí rẹ̀ á rì.