Kí ni ìtumọ̀ orúkọ àmútọ̀runwá, kí sì ni ìyá àgbà ń wò lára ọmọ tuntun?

Ẹnì kan bèèrè pé kí ló dé tó jẹ́ pé tí wọ́n bá bímọ nílé àwọn ní Ìkéré, ìyá àgbà á kọ́kọ́ gba ọmọ, á tú u síhòòhò, á yẹ̀ ẹ́ wò látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, tó bá yá á ní "Àìná lèyí o", ṣé orúkọ yẹn ti wà lọ́run tẹ́lẹ̀ ni. Ó tún ní ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí sílé àwọn pé ọjọ́ mẹ́rin, ojú ẹ̀ ń ṣe yẹ́lò yẹ́lò, wọ́n sì ní káwọn máa gbé e sóòrùn.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti orúkọ. Àmútọ̀runwá ò sí lọ́wọ́ aláàlá jàre, iṣẹ́ agbẹ̀bí ni. Ohun tójú ẹ̀ rí nígbà tọ́mọ ń jáde ló fi ń sọ ọ́, ìyẹn ni orúkọ náà kì í fi í dúró de ọjọ́ kẹjọ. Ọmọ tó bá gbé ìwọ́ kọ́rùn wá, tó bá jẹ́ ọkùnrin Òjó ni, tó bá jẹ́ obìnrin Àìná ni. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ? Ìgè Àdùbí. Ó dojú bolẹ̀, Àjàyí. Ó wà nínú àpò tí ò bẹ́, Òkè. Irun ẹ̀ ta kókó, Dàda, ìka ẹ̀ di mẹ́fà, Olúgbódi. Èyí tó lò ju oṣù mẹ́sàn-án lọ ni Ọmọ́pẹ́, ẹ wò ó dáadáa, awọ ara ẹ̀ á máa bó, èékánná ẹ̀ á ti gùn, ohun tí nọ́ọ̀sì náà ń kọ sílẹ̀ nìyẹn. Lójú tèmi, káàdì ọsibítù àwọn baba wa lorúkọ wọ̀nyẹn.

Ẹ wo bí ìyá àgbà ṣe ń ṣe é: á fàtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ lé eegun ẹ̀yìn ọmọ wálẹ̀ dé ìdí, á ka ìka, á fi ìka tó kéré jù kan àjà ẹnu ẹ̀, á wò ó bóyá á mu ún. Ohun kan náà ni nọ́ọ̀sì ń ṣe l'Ádó tàbí ní ọsibítù ńlá Ìdó, òun kàn tún ń ka èémí, 30 sí 60 ní ìṣẹ́jú kan, àti ọkàn, 120 sí 160. Dókítà obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Virginia Apgar, ló gbé ètò máàkì jáde lọ́dún 1953: àwọ̀ ara, ọkàn, èémí, bí ara ṣe le sí, àti bóyá ọmọ ń fèsì tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, 0 dé 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ìṣẹ́jú kìíní àti ìkarùn-ún. Òjó tí ò ké, tó rọ jọwọlọ, èémí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá fún un, ẹ̀yìn ìyẹn lorúkọ kàn.

Àwọn orúkọ kan sì níṣẹ́ nínú. Ìgè, ẹ ní kí wọ́n yẹ oríkèé ìbàdí ẹ̀ wò, torí itan ọmọ tó fi ìdí tàbí ẹsẹ̀ wá tètè máa ń yẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ìka kẹfà Olúgbódi, ẹ má fi òwú so ó nílé, tí eegun bá wà nínú ẹ̀ ńkọ́?

Ohun tó ń já àwọn ìyá wẹ́wẹ́ láyà jù ni ò lórúkọ kankan. Orí tó gùn ṣọnṣọ lẹ́yìn ìrọbí, ọjọ́ díẹ̀ ni. Àmì tó láwọ̀ aró ní ìdí tàbí ẹ̀yìn, kò ṣe ọmọ ní nǹkan kan, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ sílùú òyìnbó, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n má lọ ní ẹ lu ọmọ. Ọmú tó wú àti ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nídìí ọmọbìnrin, ohun tó wá láti ara ìyá ni, á lọ fúnra ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà á ní àwọn fẹ́ fún ọmú yẹn, ibẹ̀ ni mi ò ti bá wọn lọ o, ó lè di eéwo. Ìdodo tó yọ síta náà, ẹ yọ kọ́bọ̀ tẹ́ ẹ dì mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ ló ń wọlé kọ́mọ tó pé ọdún márùn-ún. Àwùjẹ̀ tó ń lù kì kì kì ò burú, èyí tó jìn wọnú, omi ti gbẹ lára ọmọ, èyí tó wú sókè tọ́mọ ò sì sunkún, ẹ má jókòó sílé.

Ó wá ku ti ojú yẹ́lò. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ kọ́mọ tó pé wákàtí 24, ọsibítù lọ́wọ́ kan. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ìkẹta, wọ́pọ̀, kì í sì í sábà kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n oòrùn àárọ̀ ò tó láti wo èyí tó le, iná aláwọ̀ búlúù ni wọ́n ń lò, torí tí ohun tó ń sọ ojú di yẹ́lò yẹn bá wọ ọpọlọ, ó lè mú etí lọ. Àwọ̀ tiwa dúdú, torí náà inú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni kẹ́ ẹ ti wo ojú ẹ̀, èrìgì ẹ̀, àtàtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀. Tó bá ti dé àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí tí ò mu ọmú dáadáa, tó kàn ń sùn ṣáá, òní yìí ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Kẹ́ ẹ sì kó kánfọ̀ kúrò nínú aṣọ ọmọ, ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa kan ò gba kánfọ̀ rárá, ìyẹn nìkan lè sọ ojú di yẹ́lò.