Ṣé bakitéríà ara eyín àtọwọ́dá tí wọ́n gbìn sí eegun yàtọ̀ sí ti eyín àdánidá?

Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ nígbà tí erìgì bá dá ṣáṣá: bakitéríà tó wà lára eyín àdánidá ló pọ̀ jù lára eyín tí wọ́n fi irin titanium gbìn sí eegun àgbọ̀n. Inú itọ́ àti ara eyín tó kù ni wọ́n ti ń wá, kì í sì í ju wákàtí díẹ̀ lọ tí wọ́n á fi lẹ̀ mọ́ irin náà.

Ohun tí wọ́n lè bà jẹ́ ló yàtọ̀ gan-an. Kòkòrò kò lè jẹ irin bó ṣe ń jẹ eyín. Àmọ́ gbòǹgbò eyín àdánidá ní fọ́nrán tó so ó mọ́ erìgì àti eegun, tó sì ń dí kòkòrò lọ́nà. Irin kò ní irú ìdè bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àrùn fi máa ń yára dé eegun níbẹ̀. Nínú irú àrùn bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń rí bakitéríà bíi Porphyromonas gingivalis, tó wọ́pọ̀ nínú àrùn erìgì, àti nígbà mìíràn Staphylococcus aureus.

Ewu yìí pọ̀ sí i fún ẹni tí àrùn erìgì ti ṣe rí àti ẹni tó ń mu sìgá. Ó ṣe pàtàkì gidigidi kí wọ́n wo erìgì sàn kí wọ́n tó gbin eyín.