Gọ́tà Tuntun Ti Dé: Báwo La Ṣe Máa Mọ̀ Pé Ó Ṣe Wá Lóore?

Ìbéèrè: Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò wa lẹ́bàá odò Kúdẹtì, n'Ìbàdàn. Wọ́n ṣe gọ́tà ńlá àti kọ́fátì (ojú omi tó gba abẹ́ títì) fún wa, wọ́n sì gbin igi sí etí odò. Ní báyìí, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ fọwọ́ síwèé pé iṣẹ́ náà ti ṣe wá láǹfààní. Àwọn kan ní omi ò wọlé lọ́dún tó kọjá, ká fọwọ́ sí i. Àwọn kan ò gbà. Kí la máa wò?

Ìdáhùn: Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́ àdúgbò. Ẹ má tíì fọwọ́ sí i.

Bí gọ́tà ṣe gùn tó àti iye igi tí wọ́n gbìn, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ohun tí ẹgbẹ́ ń wá yàtọ̀: kí ló yí padà fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀, ṣé gọ́tà yìí ló sì fà á?

Ti pé omi ò wọlé lọ́dún tó kọjá, òjò ni kí ẹ kọ́kọ́ bi. Ó lè jẹ́ pé òjò ńlá ò rọ̀ rárá. Òjò ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 tó mìlímítà 187.5 láàárín wákàtí díẹ̀. Ó pa èèyàn tó lé ní 100, ó sì gbé afárá lọ. Òun ló bí iṣẹ́ àkóso omíyalé Ìbàdàn tí Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó rẹ̀, mílíọ̀nù 200 dọ́là, lọ́dún 2014. Ti omíyalé odò Ògùnpa lọ́dún 1980, àwọn àgbà àdúgbò yín á rántí. Irú òjò bẹ́ẹ̀ kì í rọ̀ lọ́dọọdún. Òjò tó bára mu ni ká fi wéra.

Ẹ wá ike tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dúró ṣánṣán. Ẹ gbé e síta gbangba, kí ó jìnnà sí òrùlé àti igi. Bí òjò bá dá, ẹ ki rúlà bọ̀ ọ́, ẹ kọ iye mìlímítà tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì da omi náà nù. Mìlímítà kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó, lítà omi kan ni. Nítorí náà, òjò mìlímítà 50 lórí òrùlé mítà 10 sí 10 yóò da lítà 5,000 sílẹ̀, látara ilé kan ṣoṣo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye yẹn, ẹ kọ ọjọ́, ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó dá, ilé tí omi wọ̀, ibi tó ga dé, àti bó ṣe pẹ́ tó kó tó fà.

Ti àtẹ̀yìnwá ńkọ́, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan kan sílẹ̀? Ògiri ti kọ ọ́. Ẹ wọ yàrá tí wọn ò tíì kùn lọ́dà láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ máa rí ìlà ẹrẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Àwòrán inú fóònù náà ní ọjọ́ lára. Ẹ bi àwọn ìyá tó ń tajà lẹ́bàá títì ní ìgbà tí ọjà wọn bá omi lọ, ẹ sì bi àwọn ayálégbé. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ bi lọ́tọ̀. Ní ìpàdé, ohun tí alága bá sọ ni gbogbo ènìyàn á gbè lẹ́yìn.

Ẹ tún wá àdúgbò kan tí ilẹ̀ rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ bíi tiyín, tí wọn ò ṣe gọ́tà fún, kí ẹnì kan níbẹ̀ máa kọ irú àkọsílẹ̀ kan náà. Bí omi bá dín kù lọ́dọ̀ yín, tó sì dín kù lọ́dọ̀ tiwọn náà, a ò lè sọ pé gọ́tà ló ṣe é.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò. Gọ́tà tó bá ń gbé omi kúrò lọ́dọ̀ yín kíákíá lè máa dà á lé wọn lórí. Ẹ rìn débẹ̀, ẹ bi wọ́n. Bí omi bá ti ń wọlé wọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí ẹ máa kọ, kódà bí inú gbogbo onílé àdúgbò yín bá ń dùn.

Ẹ wo owó ilé náà. Bí ẹ bá fi kún un nítorí gọ́tà, tí àwọn ayálégbé tó ń gbọ́n omi tẹ́lẹ̀ sì kó lọ, ẹlòmíràn ló ń jẹ àǹfààní náà.

Ti igi, ẹ ka èyí tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọyẹ́. Ti kọ́fátì, ẹ fi ọ̀pá wọn iyanrìn tó wà nídìí rẹ̀ nínú oṣù Kẹta, ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Bí iyanrìn àti ọ̀rá pure water bá ti dí ìdajì ẹnu rẹ̀, ẹ béèrè ẹni tó yẹ kó máa kó o àti ibi tí owó rẹ̀ ti ń wá. Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ kọ ìyẹn náà.

Ìwé tí ẹ lè fọwọ́ sí lónìí ni èyí tó sọ pé wọ́n ti parí iṣẹ́, pé ẹ sì ti rí i. Ẹ fi gbólóhùn kan kún un pé lẹ́yìn ìgbà òjò méjì ni ẹgbẹ́ máa sọ bóyá ó ṣàǹfààní, kí ẹ sì gbé ike òjò yẹn síta kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.